Àwọ̀ tó dúró ní agbedeméjì omi

Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ń dá aró ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ìkòkò aró mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdérí tirẹ̀. Òórùn wọn kò ṣe é gbàgbé, ṣùgbọ́n ìbáwí ni mo rántí jù. Bí ọmọdé bá ti fọwọ́ kan igi tí wọ́n fi ń ro aró báyìí, ohùn màmá á ti inú ilé jáde: "Ta ló ń rú aró mi yẹn? Fi sílẹ̀ kó tòrò!"

Mo rò nígbà náà pé torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Ẹlú àti eérú a máa sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí a bá rú u, á lẹ̀ mọ́ aṣọ, aṣọ á sì ní àbààwọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àmọ́ ìdí kejì wà tí mi ò mọ̀ títí mo fi dé yunifásítì: aró tó ti jinná kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú rẹ̀ a máa ní àwọ̀ ewé, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń di búlúù lójú ẹni. Ẹni tó bá ń ro ìkòkò náà ní ìròkurò ń ti afẹ́fẹ́ bọ inú rẹ̀, ó ń ná aró kí aṣọ tó débẹ̀. Màmá kò kọ́ kẹ́mísìrì. Ó kàn mọ̀ pé òkè ìkòkò kì í ṣe àárín, àárín kì í ṣe ìsàlẹ̀, pé iṣẹ́ òun sì ni kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má pàdé.

Ó rú, àbí ó tòrò. Ọ̀rọ̀ méjì yìí náà ni mo ní fún omi títí mo fi dàgbà. Odò Ògùn rú lójò, omi àmù tòrò. Ohun tó wúwo á rì, ohun tó fúyẹ́ á léfòó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nǹkan lè máa rì lọ, kó dé àárín omi, kó sì dúró síbẹ̀ bíi pé ó ti kan ilẹ̀.

Olùkọ́ wa kan ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó kán àwọ̀ pupa sínú àpótí jígí kan tó kún fún omi. Àwọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀, ó dé agbedeméjì, ó dẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ padà sókè díẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ lọ sápá ọ̀tún àti sápá òsì bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Omi wà lókè rẹ̀, omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan láàárín tí ojú rí. Iyọ̀ ni àṣírí rẹ̀. Omi òkè kò ní iyọ̀ rárá, iyọ̀ sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lọ sísàlẹ̀, débi pé ipele kọ̀ọ̀kan wúwo ju èyí tó wà lórí rẹ̀. Àwọ̀ náà rì títí ó fi dé ibi tí omi wúwo tó òun gan-an. Kò níbi tó ń lọ mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó ráyè ṣe tèmi. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama báyìí, Ọbántokò ni mo ń gbé, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì gbà pé gbogbo ohun tó wà nínú ìwé físíìsì, ìlú òyìnbó ló ti ń ṣẹlẹ̀. Mo ní kí oníjígí kan bá mi ṣe àpótí: kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, kó fẹ̀ ní 25, kó ga ní 45. Èyí àkọ́kọ́ tú lójú oríkèé lóru, lítà 60 wọ inú rọ́ọ̀gì pálọ̀ lọ. (Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó ti bẹ̀ mí.) Èkejì, mo ní kó fi pẹrẹsẹ alumíníọ́ọ̀mù ṣe ìdí rẹ̀, ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Màmá Ìbejì tó wà ní yàrá kejì bi mí léèrè bóyá ẹja ni mo fẹ́ máa sìn. Mo ní rárá o, omi ni. "Omi?" ló ní, ó sì wò mí bí ẹni tó fẹ́ bá mi gbàdúrà.

Iṣẹ́ ńlá ni kí omi tó gbà láti wà ní ipele-ìpele. A ò lè da iyọ̀ sísàlẹ̀ kí a sì máa retí. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń lò nínú ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé, korobá méjì ló gbà. Omi lásán lítà 30 wà nínú ọ̀kan. Lítà 30 mìíràn tí a fi iyọ̀ kílò kan ààbọ̀ sí wà nínú èkejì. Rọ́bà kan so ìdí àwọn méjèèjì pọ̀. Rọ́bà mìíràn ti inú korobá omi lásán lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú jígí. Bí omi lásán ti ń jáde lọ, omi iyọ̀ ń wọlé láti ẹ̀yìn wá dí àlàfo rẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa rò wọ́n pọ̀ láìsinmi. Omi tó ń dé ìsàlẹ̀ jígí á wá máa níyọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, á máa gbé èyí tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀ sókè. Bí korobá méjèèjì bá fi máa gbẹ, èyí tó kọ́kọ́ wọlé á wà lókè téńté láìní iyọ̀, èyí tó wọlé kẹ́yìn á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 50 iyọ̀ nínú lítà kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ro omi. Wákàtí méjì gbáko ni, pẹ̀lú orógùn tí wọ́n fi ń ro láfún. Ó ní, "Àǹkù, iyọ̀ tí ẹ rà yìí á se ọbẹ̀ ọdún kan o." Nígbà tó yá ó tún ní, "Ẹ sọ pé omi tí kì í dàpọ̀ lẹ fẹ́ ṣe, kí ló wá dé tí mo fi ń rò ó pọ̀?" Mi ò ní èsì gidi fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ bọ́ sí i, torí mo pọn korobá kan láti inú táǹkì orí òrùlé tí oòrùn ti sè, mo sì pọn èkejì láti inú dúrọ́ọ̀mù abẹ́ igi. Èéhó afẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara jígí bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, gbogbo èyí tó bá já gòkè ń fa ìlà gba àárín ipele kọjá. Láti ọjọ́ náà, omi tí mo bá máa lò gbọ́dọ̀ sun yàrá mọ́jú, kí méjèèjì lè móoru bákan náà, kí afẹ́fẹ́ inú wọn sì jáde.

Ìgbà kejì bọ́ sí i. Mo fi àwọ̀ pupa sínú omi tó ní iyọ̀ gíráàmù 25 nínú lítà kan, mo fi sírínjì tú u sílẹ̀ lójú omi. Ó rì dé agbedeméjì, ó kọjá díẹ̀, ó padà, ó tún kọjá. Mo fi fóònù ka àkókò rẹ̀: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje ni lílọ àti bíbọ̀ ń gbà, ohun tí ìṣirò lórí ìwé sì sọ fún mi náà nìyẹn. Vilho Väisälä ará Finland tẹ ìṣirò yìí jáde ní 1925, David Brunt ará Bírítéènì tẹ tirẹ̀ ní 1927, orúkọ àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ dòní. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá ṣe yàtọ̀ sí ara wọn tó ni mímì náà ṣe ń yá tó. Nínú òfuurufú tó wà lókè orí wa, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí afẹ́fẹ́ tó mì lẹ́ẹ̀kan báyẹn.

Mo wá fẹ́ rí rúkèrúdò omi. Ọ̀rọ̀ yìí dára létí mi, mo ń gbọ́ òkè àti odò nínú rẹ̀. Àwọ̀ náà ni wọ́n fi rí i dáadáa nílé àyẹ̀wò. Ní 1883, ní Manchester, Osborne Reynolds jẹ́ kí okùn àwọ̀ tín-ín-rín kan máa bá omi lọ nínú ọ̀pá jígí. Bí omi bá ń rọra lọ, okùn náà gún gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá yára kọjá ìwọ̀n kan, okùn á gbọ̀n, á já, á sì fọ́n ká gbogbo ọ̀pá. Nínú ìwé tó fi ròyìn rẹ̀ náà ló ti sọ bó ṣe da omi lé orí ohun olómi kan tó wúwo jù ú lọ nínú ọ̀pá tí a dí lẹ́nu, tó sì dẹ ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́: ohun olómi wíwúwo sáré sọ̀ kalẹ̀, omi sáré gòkè, ìgbì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ibi tí wọ́n ti ń fara nu ara wọn. Ní bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Steve Thorpe padà sí ọ̀pá dídẹ̀ yìí pẹ̀lú omi iyọ̀ àti omi lásán, àwòrán tó yà sì wà lọ́kàn mi bí àwòrán ẹbí: ìgbì tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ká bí ẹní tí a fẹ́ gbé pamọ́.

Èmi ò ní ọ̀pá gígùn. Orógùn ni mo ní. Mo kọ́kọ́ wọ́ ọ gba inú omi lásán tí mo kán àwọ̀ sí: kí ìṣẹ́jú kan tó pé, gbogbo jígí ti pọ́n. Lẹ́yìn náà mo wọ́ ọ gba inú omi onípele. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọ ara wọn. Ìjì kékeré dìde lẹ́yìn orógùn, ó ń yí, ó ń bì sókè, ó ń bì sísàlẹ̀, mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àmọ́ kí ìṣẹ́jú àáyá méje náà tó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ìjì ti rọ. Ohun tó ń bì sókè dẹ́kun bíbì, ohun tó ń bì sísàlẹ̀ padà. Gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹní àkọ́kọ́ yẹn. Yíyí kò parí o. Ó ń yí lọ ní ìdùbúlẹ̀, rọra, rọra, fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, nígbà tí ìgbì tí ojú kò rí ń gbé ìyókù agbára náà lọ sí ara jígí. Omi náà rú, kò sì dàpọ̀. Èmi tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì péré ni màmá fi lé mi lọ́wọ́, mo jókòó mo ń wá ẹ̀kẹta.

Ẹ ronú ẹni tó ń ru korobá omi gun orí Olúmọ. Ohun tí ìjì inú omi onípele ń ṣe nìyẹn: kó tó lè po òkè mọ́ ìsàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé omi wíwúwo sókè kó sì ti fífúyẹ́ sísàlẹ̀, ó sì fẹ́ owó fún un. Lewis Fry Richardson ló kọ́kọ́ fi ìṣirò wọn ìyẹn, ní 1920: fi ohun tí ipele ń gbà wé ohun tí ìsáré omi ń mú wá. Ní 1961 John Miles àti Louis Howard fi hàn pé bí ìdíwọ̀n náà (ti àkọ́kọ́ tí a fi èkejì pín) bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ níbi gbogbo, ìgbì kékeré kò lè dàgbà di ìjì níbẹ̀. Kódà nígbà tó bá ṣẹ́gun, èrè rẹ̀ kéré. Nínú ìṣirò tí àwọn onímọ̀ òkun ń lò jù, bí ìdá kan nínú mẹ́fà agbára rúkèrúdò ló ń lọ sórí pípo omi pọ̀, ìyókù á di ooru. Mo rò pé ìjọba kan wà tí mo mọ̀ tó ń náwó báyẹn.

Mo ti ní màá padà sórí ìdí alumíníọ́ọ̀mù. Ìgbóná ni mo ṣe é fún. Bí a bá ń gbóná omi lásán láti ìsàlẹ̀, a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: èyí tó gbóná á fúyẹ́, á gòkè, èyí tó tutù á wálẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Henri Bénard, ará Faransé, rí i ní 1900 pé lílọ àti bíbọ̀ yìí a máa to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ojú afárá oyin. Ìda ẹja àbùùbùtán ló yọ́ tó fi rí i, n kì í sì í kọjá níwájú àwọn ìyá tó ń yọ́ ìda àbẹ́là fún àdìrẹ kí n má bojú wo inú ìkòkò wọn. Wọ́n ti mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti jẹ́ onípele ńkọ́? Ìgbóná ń sọ pé kí omi ìsàlẹ̀ gòkè, iyọ̀ ń sọ pé kó jókòó.

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbé jígí náà lé orí àwo fẹ̀ǹfẹ̀ tó kún fún omi gbígbóná, tí mo ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń tutù. Fún wákàtí kan mi ò rí nǹkan kan. Ni wọ́n bá mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo gbé e sí òdìkejì yàrá kí n lè rí ẹsẹ̀ tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì gba inú jígí kọjá bọ́ sára ògiri funfun. Gbogbo ohun tí mo ti ń wá wà lára ògiri. Ibi tí omi bá ti yàtọ̀ sí ara rẹ̀ a máa tẹ ìmọ́lẹ̀, ojú lásán kò rí i, òjìji ń rí i. Ìsàlẹ̀ ń rú kùùkùù bí ẹ̀kọ tó fẹ́ hó, ó ga tó ìka mẹ́rin. Lórí rẹ̀ ni ìlà dúdú kan wà, tó gún bíi pé a fi rúlà fà á. Lókè ìlà náà, ipele kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá, ẹ̀kẹta ti ń yọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta nínú omi kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Stewart Turner ṣe àyẹ̀wò yìí ní ìgbà tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1968 ló sì là á yé wa. Ooru ń yára rìn nínú omi ju iyọ̀ lọ, ní ìlọ́po bí ọgọ́rùn-ún. Àjà ìsàlẹ̀ á gòkè títí iyọ̀ rẹ̀ á fi dá a dúró. Níbẹ̀, ooru á ré ìlà kọjá, iyọ̀ kò lè tẹ̀lé e, omi tó wà lókè ìlà á sì di ohun tó gbóná láti ìsàlẹ̀. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí nínú òkùnkùn, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n mú iná dé, tí gbogbo àdúgbò hó yèè, òun ló sáré lọ pa gílóòbù.

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, mo máa ń gun Olúmọ kí àwọn àlejò tó dé. Èéfín láti ibi ìdáná àwọn ará Ìkìjà àti Ìtòkú á gòkè gún, á dé ibì kan, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí àwọn páànù pípọ́n bí ìdérí. Mo ti ń rí i láti kékeré, ojú mi kò là sí i. Ilẹ̀ tutù lóru, ó tu afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ lára, afẹ́fẹ́ tó móoru sì jókòó lé e lórí: omi onípele mi nìyẹn láìsí omi. Bí oòrùn bá ti kan páànù, ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Rírú náà á máa jẹ ìdérí láti abẹ́, á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, títí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá tí èéfín á fi já, tí a ò ní rí i mọ́. Deardorff, Willis àti Lilly gbé òwúrọ̀ yìí wọ inú àpótí omi kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbóná rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n wo bí rírú ṣe ń jẹ ipele òkè, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1969. Òwúrọ̀ Ẹ̀gbá nínú àpótí, bí mo ṣe ń pè é lọ́kàn mi nìyẹn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé eré jígí nìkan ni. Ní Kamẹrúùnù tó múlé tì wá, adágún Nyos gbé afẹ́fẹ́ carbon dioxide sínú omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ipele omi sì dé e mọ́lẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1986, nǹkan kan rú u. Omi ìsàlẹ̀ gòkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ hó jáde bí ìgò ọtí dídùn tí a mì, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ó sì ṣàn wọ àfonífojì bí omi. Ó pa nǹkan bí 1,700 ènìyàn, púpọ̀ nínú wọn lórí ibùsùn. Láti 2001 ni wọ́n ti ri ọ̀pá wọ ìsàlẹ̀ adágún náà, kí afẹ́fẹ́ náà lè máa jáde díẹ̀díẹ̀.

Adágún tiwa, èyí tó wà lẹ́yìn ìsédò Ọyán tí wọ́n ṣí ní 1983, kò jọ Nyos, ẹ fọkàn balẹ̀. Ooru oòrùn lásán ló ń pín irú omi báyẹn sí ipele, ooru wa sì lágbára ju bí a ti rò lọ. Omi tó gbóná láti ìwọ̀n ooru 5 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius kò pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́ta kílò kan nínú mítà kúbíìkì kan. Láti 25 sí 30, ó pàdánù kílò kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ìwọ̀n márùn-ún kan náà, ìlọ́po márùn-ún. Òkè tó gbóná díẹ̀ ní ilẹ̀ wa tó láti sé afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja tó wà nísàlẹ̀.

Mo fi jígí náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo kán àwọ̀ sí i kẹ́yìn. Òkè rẹ̀ ti dàpọ̀ tó ìka mẹ́ta, torí òtútù alẹ́ ń tu ojú omi lára, omi tútù á sì sọ̀ kalẹ̀ títí ipele á fi dá a dúró. Àmọ́ àwọ̀ pupa yẹn wà ní àyè rẹ̀, ó kàn nípọn sí i, tó ìka méjì. Bí a bá ní kí iyọ̀ nìkan rìn títí gbogbo jígí á fi dọ́gba, láìsí ọwọ́, láìsí ooru, ó ju ọdún kan lọ. Màmá Ìbejì kò lè dúró dè é. Ó fẹ́ gba korobá rẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ da omi iyọ̀ sídìí ewédú òun.

A fi rọ́bà fa omi náà láti ìsàlẹ̀ lọ sí gọ́tà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di ẹnu rọ́bà mú. Èmi kúnlẹ̀ níwájú jígí. Ẹní pupa yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi abẹ́ rẹ̀ ti ń dín kù, kò fàya, kò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, títí ó fi dé ẹnu rọ́bà. "Ó ti pọ́n o!" ọmọ náà pariwo láti ìta. Ó pọ́n fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà omi mímọ́ tún ń jáde.